Adé Ara Ìbọn

Ọdún kẹta tí ìyàwó mi kú ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ìbọn bàbá wọn wá bá mi ní Ìkòsì. Ọdẹ ni, ìbọn yẹn ló fi ń jẹun. Baálẹ̀ ti kéde pé kí gbogbo oníbọn lọ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, kí wọ́n mú orúkọ ẹni tó rọ ìbọn àti nọ́ńbà rẹ̀ dání. Èyí tí kò bá ní, ìjọba yóò gbà á.

"Akọ̀wé," ó ní, "ìwọ lo sáà mọ̀wé. Kà á."

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó jókòó sórí bẹ́ńṣì ilé-ìwé. Mo lè ka Bíbélì. Mo lè ka lẹ́tà, bí ẹni tó kọ ọ́ bá kọ ọ́ dáadáa.

Ìbọn náà kì í ṣe ṣakabùlà. Igi kan wà lábẹ́ ọ̀pá rẹ̀ tí ọdẹ ń fà sẹ́yìn, tó sì ń tì síwájú, kí ọta mìíràn lè bọ́ sípò. Bàbá wọn máa ń sọ pé òyìnbó kan tó wá wọn ilẹ̀ lápá Sàngísà ló fún òun, nítorí òun pọ̀n ọ́n la ẹrẹ̀ kọjá. Ìtàn yẹn ni wọ́n fi ń yangàn nílé wọn. Ìyàwó mi pàápàá máa ń sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà kankan kò hàn lára irin náà. Ẹ̀jẹ̀ àkùkọ ló bò ó. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá ń bọ Ògún, ibẹ̀ ni wọ́n ń da ẹ̀jẹ̀ sí, ó sì ti gbẹ léra wọn títí ó fi nípọn bí èèpo igi.

"A ó ha á kúrò," mo ní.

Ó wò mí. "Ìwọ ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e padà sílé nígbà náà."

Kò gbé e padà. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀bẹ ha á, ó ń bá irin náà sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́tà yọ. Mo tẹ́ bébà lé e, mo fi èédú pa ojú bébà náà kí gbogbo ohun tó wà lára irin lè hàn lórí rẹ̀: orúkọ ilé-iṣẹ́, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo rí adé kékeré kan, lẹ́tà méjì wà lábẹ́ rẹ̀. Irú adé yẹn ni mo ń rí lára fìlà ọlọ́pàá.

Ó bi mí ohun tí mo rí. Ǹ bá ti dákẹ́.

"Adé ọba ni. Ó jọ pé ìbọn ìjọba ni."

"Ṣé olè ni bàbá mi?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìwé rẹ ló sọ ọ́, àbí?"

Bí wọ́n bá rí i lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Bí ẹlòmíràn bá kà á, bàbá rẹ̀ di olè lójú gbogbo ìlú. Ó gbé ìbọn náà lọ láìdágbére.

Lọ́jọ́ kejì mo mú bébà náà lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé Ajẹ́lẹ̀. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ṣí ìwé ńlá kan. Ó ní àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú ìbọn tí wọ́n ń fà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀, pé ilé-iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn tipẹ́.

"Adé yìí ńkọ́, sà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ìlú òyìnbó ni wọ́n gbé e gbà. Wọ́n yìn ín wò níbẹ̀ bóyá yóò bẹ́. Èyí tí kò bá bẹ́, wọ́n á lu adé sí i lára. Ẹnikẹ́ni ló lè rà á ní ṣọ́ọ̀bù."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré padà. Etí odò ni mo ti bá ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, níbi tí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ Àgbóyì ti ń gúnlẹ̀, ó ń ṣan ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Mo sọ ohun tí akọ̀wé sọ. Ó gbọ́ ọ dópin.

"Àárín odò ló wà," ó ní. "Lọ kà á fún ẹja."

Tàkúté ló ń dẹ lẹ́yìn ìyẹn. Òkété ni ó ń mú jù.

Nígbà tí ọdún Ògún tún dé, ó wá sílé mi, ó ní kí n mú bébà náà wá. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

"Ka ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n fún bàbá mi ni."

"Kò sí níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Ka èyí tó wà níbẹ̀."

Mo ka orúkọ ilé-iṣẹ́. Mo ka ìlú. Mo ka nọ́ńbà. Ìka rẹ̀ wà lórí adé náà ní gbogbo ìgbà tí mo ń kà, mi ò sì lè ní kó gbé e kúrò. Nígbà tó gbé e, èédú wà ní ìka rẹ̀, adé ti parẹ́.