Àgbò Ìkómọ Tó Jẹ Igbó

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, torí àwọn ará Ọ̀tà ti bù mọ́ ọn jù. Ayé òyìnbó ni, ọdún tí mo jáde yunifásítì tí mo wá ń ṣe tísà. Aládùúgbò mi, ṣọ́jà tó ti ogun Bọ́má dé, gbin igbó tí wọ́n ń mu bíi sìgá sáàárín gbúre rẹ̀. Kò ṣọgbà yí i ká. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kìlọ̀ fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ ìkómọ àkọ́bí mi, àgbò mi já okùn, ó wọ ibẹ̀, ó jẹ odindi ebè kan tán.

A bá a níbi tó ti ń wo ògiri bí ẹni tí wọ́n ń wàásù fún.

Ṣọ́jà ní, "Tísà, ẹ rọra o. Àgbò yín ti dé Bọ́má."

Àgbò míì ò sí. Bẹ́ẹ̀ bàbá ìyàwó mi ti Adó-Odò dé, ó sì ti búra pé bí ìkómọ yìí bá lábùkù pẹ́nrẹ́n, òun á kó ọmọ òun àti ọmọ-ọmọ òun lọ sílé. Kò rẹ́rìn-ín sí mi rí.

Alápatà dúńbú àgbò, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣebí àyà ni wọ́n ń fa igbó sí? Fùkù nìkan la ó jù nù."

Mo ní, "Bàbá alápatà, àgbò yìí ò mu ún, ó jẹ ẹ́ ni! Igbó náà ti ṣàkì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ó ti inú ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń pa á dà, ó sì lè sọ ọ́ di èyí tó tún le sí i. Ọ̀rá á wá tọ́jú ìyókù pamọ́. Fùkù ò mọwọ́ mẹsẹ̀!"

Alápatà ní, "Tísà, ẹran mélòó lẹ ti pa rí?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n sin fùkù aláìṣẹ̀. Wọ́n dín ẹ̀dọ̀, wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ fún àna mi, torí òun ni àlejò pàtàkì.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àna mi ti ń rẹ́rìn-ín sí agbòòjò. Ó kí àga, ó bi í léèrè àlàáfíà ilé rẹ̀. Ó wá dì mọ́ mi.

"Àna mi àtàtà, ta ló sọ pé o ò dáa?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Irọ́ ni mo pa!"

Nígbà tí lọ́rì Adó-Odò fun fèrè, ó gùn ún, ó lọ, ó gbàgbé ọmọ àti ọmọ-ọmọ sílẹ̀. Ìyàwó mi tú ẹrù tó ti dì. Fìlà mi tuntun ni bàbá mú lọ. Mo kọ lẹ́tà sí i títí, ó ní òun ló ni ín. Mi ò tíì gbà.