Àwọn Lẹ́tà Kóńgò Tí Mo Kà fún Ìyá Ọkọ Mi

Òmìnira tiwa kò tíì pé ọdún kan nígbà tí wọ́n kó àbúrò ọkọ mi, tí ó jẹ́ ṣọ́jà, lọ sí Kóńgò láti bá wọn pẹ̀tù sí ogun. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Ọ̀kà nígbà náà. Ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń wọ lọ́rì lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ìkàrẹ́, nítorí ìyá ọkọ mi kò mọ̀wé, kò sì gbà kí ẹlòmíràn ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀ fún òun. Mo fi èyí yangàn, n kò ní purọ́.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ dùn létí. Ó ní àwọn obìnrin ibẹ̀ ń di ẹ̀gẹ́ sínú ewé bí ẹni ń di ẹ̀kọ. Ìkejì kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ìlú náà ti dìde sí àwọn ọ̀gá wọn. Ẹni tí ó ń ṣe ìjọba ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, ẹlòmíràn ti bọ́ sórí rédíò pé òun ni. Àwọn òyìnbó fi ilẹ̀kùn ilé sílẹ̀ gbayawu, wọ́n sá lọ, ajá wọn sì ń rìn kiri títì. Ó ní àwọn kì í bọ́ bàtà sùn mọ́.

Lẹ́yìn náà, a kò gbọ́ nǹkan kan fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ìkẹta dé, ó kúrú: ara òun le, ẹ kí ará ilé. Inú mi dùn. Ìyá ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín.

"Tún ìkíni yẹn kà."

Mo tún un kà. Ó kí ọkọ mi, ó kí èmi, ó kí àwọn ọmọ, kí ó tó wá kan ìyá rẹ̀.

"Ìyàwó, ta ló kọ ọ́?"

"Ọmọ yín ni, Yèyé. Orúkọ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀."

"Ọmọ tí mo bí kò lè kí ọ ṣáájú mi. Mo ti fi pàṣán kọ́ ọ."

"Bóyá ó ń kánjú ni. Ojú ogun ni wọ́n wà."

"Ìwé lo mọ̀, Tísà. O ò mọ ọmọ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo tẹ́ lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì láti fi hàn án pé ó ṣìnà. Ìkọ̀wé ìkẹta kò jọ ti àwọn méjì yòókù rárá. Èmi tí mo máa ń mọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wo ìwé ẹnìkejì láti ara bí ó ti tẹ gègé, n kò wò ó!

Ìyá ọkọ mi ní kí n kọ̀wé sí ẹni tí ó kọ ọ́, ní àdírẹ́sì tí ó wà lórí lẹ́tà náà. Ẹni náà fèsì. Ọ̀rẹ́ àbúrò ọkọ mi ni, ṣọ́jà bíi tirẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, Ìyá. Òun ló ní kí n má sọ. Ìbọn bà á nígbà tí èrò ya lu títì. Wọ́n ti gé ọwọ́ rẹ̀ kan."

"Ọwọ́ wo?"

"Ọ̀tún ni, Yèyé." Ó wà ní ìlà tó tẹ̀lé e.

"Kọ ọ́ sí i pé kí ó máa bọ̀. Ohun tí ó bá fi ọwọ́ òsì nà sí mi, mo máa gbà á."

Mo kọ ọ́ bí ó ti sọ ọ́. Ní Sátidé, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ti lẹ́tà náà padà sí mi láti ojú fèrèsé: wọn kò gba ìwé Kóńgò mọ́, títí ìlú wọn yóò fi tòrò.