Bí Mo Ṣe Fẹ́rẹ̀ẹ́ Yan Ìjàpá Mọ́mì

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé inú burúkú ni mo ní: mi ò kórìíra ìjàpá. Ẹ̀rù òtútù ló bà mí. Ó bà mí débi pé mo gbé ẹran tí ò ṣe mí ní nǹkan kan, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yan án.

Bọ́ìsì-kọ́tà ni mò ń gbé, lẹ́yìn ilé Dádì, nínú klóòsì kan, àdúgbò kékeré onígéètì, ní Festac l'Ékòó. Dádì kì í ṣe bàbá mi o. Onílé mi ni wọ́n. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n ṣì máa ń wọ bàtà aláwọ kí wọ́n tó lọ da ilẹ̀ nù. Ìyàwó wọn, Mọ́mì, kú kí òjò ọdún yẹn tó bẹ̀rẹ̀, èmi sì kó wọlé lẹ́yìn ìsìnkú. Ohun tí Mọ́mì fi sílẹ̀ fún Dádì, yàtọ̀ sáwọn ọmọ tó ti lọ sílé ọkọ, ni ìjàpá kan. Ẹ̀yìn ilé ló ń gbé, nínú ọgbà kékeré tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ, tí páànù bo ìdajì ẹ̀. Dádì ní ọwọ́ àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ni Mọ́mì ti rà á, pé Mọ́mì ní ojú tó fi wo òun kì í ṣe ojú ẹran ọbẹ̀.

Èmi, fóònù ni mò ń tún ṣe, ní Apple Junction. Ẹnì kankan ò kọ́ mi. Orí fóònù ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún fóònù ṣe, fóònù tí mo sì kọ́kọ́ bà jẹ́ ni èyí tí mo fi ń kọ́ ọ. Mo tún máa ń bínú. Ìyẹn náà, ẹnì kankan ò kọ́ mi.

Nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú, Dádì ní àwọn ń lọ sí Ìbàdàn, lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin, pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún àwọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Wọ́n ní kí n máa fún ìjàpá ní ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, pé ìyẹn ò le.

"Alẹ́ ni kó o ṣọ́ o," wọ́n ní. "Tí ọyẹ́ bá ti ń mú báyìí, Mọ́mì ẹ kì í fi í sílẹ̀. Gbogbo alẹ́ ni mo máa ń rí i láti ojú fèrèsé, á gbé ìró dání, á lọ fi bò ó. Má jẹ́ kí òtútù pa á fún mi. Nínú ilé yìí, èmi àti ìjàpá yìí nìkan la kù tá a mọ ohùn Mọ́mì ẹ."

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, sà."

Wọ́n fi ìró náà hàn mí. Àǹkárá kan báyìí tó ti ṣá ni, lórí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Ó le gbagidi bíi páálí. Ó ń rùn bí ẹrẹ̀, ìlà àmọ̀ sì wà létí ẹ̀ yíká. Mo rí gbogbo ìyẹn. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ó dọ̀tí.

Nítorí náà, alẹ́ ọjọ́ tí Dádì lọ, mo fọ̀ ọ́. Ọṣẹ ni mo fi fọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì. Ọyẹ́ gbẹ ẹ́ láàárín wákàtí kan. Mo wá fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ títí ó fi gbóná, mo sáré gbé e jáde, mo fi bo ìjàpá kó tó tutù. Ìjàpá fa orí wọlé. Mo rò pé oorun ló ń kùn ún.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀, ó tutù bíi tábìlì ilé ìwòsàn. Ló bá di pé mo wọ orí fóònù. Nínú fídíò kan, ọ̀gbẹ́ni òyìnbó kan, tí yìnyín ń já bọ́ lẹ́yìn fèrèsé ẹ̀, ní ìjàpá tí ò bá rí iná tó gbóná lálẹ́, ikú ni. Mi ò wo ti yìnyín yẹn. Ikú ni mo gbọ́.

Mo wá gílóòbù àtijọ́ yẹn kiri Apple Junction, èyí tó máa ń gbóná. Gbogbo ohun tí wọ́n ń tà báyìí ò lè mú ọwọ́ èèyàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹnì kan ló ní i, lábẹ́ tábìlì, ó ní àwọn ọlọ́sìn adìẹ láti Satellite Town ló máa ń rà á fún òròmọdìẹ. Ó bi mí pé òròmọdìẹ mélòó. Mo ní ìjàpá ni, ọ̀kan ṣoṣo.

"Àǹtí, ẹ sè é lómi," ó ní. "Ó yá ju gílóòbù lọ."

Mo bú u. Ó di gílóòbù náà sínú bébà fún mi, ó ní kí n bá òun mú itan kan wá. Mo tún padà lọ bú u.

Mo fa wáyà láti yàrá mi, mo gbé gílóòbù kọ́ sábẹ́ páànù. Ẹ̀yìn ilé mọ́lẹ̀ bí ibi tí wọ́n ti ń ṣe àìsùn. Wọ́n mú iná lọ. Mo tan jẹnẹrétọ̀. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é lálaalẹ́, tí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ á dún títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìjàpá ò jẹ ìbẹ́pẹ. Kò jẹ tẹ̀tẹ̀. Tí agogo méje ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, Dádì á pè láti Ìbàdàn.

"Ó jẹun?"

"Ó jẹun, sà."

Ọjọ́ karùn-ún ni Àlàájà wọlé. Ilé Àlàájà àti ilé wa, ògiri kan ló là wọ́n, wọ́n ń ta ìpápánu àti nǹkan èlò níwájú ilé wọn. Ará Ìsẹ́yìn ni wọ́n, ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n tọ́. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n bá wá. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n rí ìjàpá, wọ́n gbàgbé jẹnẹrétọ̀.

Wọ́n ní òtútù ti wọ inú ẹ̀. Pé ṣé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ tuntun ni. Mo ní ìjàpá yìí dàgbà jù mí lọ. Wọ́n ní òtútù ò mọ̀yẹn. Wọ́n padà sílé, wọ́n gbé àdín wá, àti ìbọ̀sẹ̀, àti fìlà ọmọ tuntun tí wọ́n fi òwú hun. A bu omi gbígbóná sínú ike méjì, a wọ ìbọ̀sẹ̀ fún wọn, a tẹ́ ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì. A fi àdín pa á lẹ́yìn, a pa á lẹ́sẹ̀ ibi tí ẹsẹ̀ yọ dé. Fìlà ò wọlé torí pé ó fa orí wọlé. Àlàájà bá fi bo ẹnu ibi tí orí ti ń jáde. Wọ́n ní ó tó.

Lọ́jọ́ kẹjọ, kò tíì jẹun. Ojú ẹ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ra. Àlàájà wò ó, wọn ò sọ̀rọ̀, èèyàn tó máa ń sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí. Mo rí Dádì lójú inú mi, bí wọ́n ṣe máa sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, tí wọ́n máa lọ sẹ́yìn ilé kí wọ́n tó wọ yàrá. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ẹni kejì tó mọ ohùn Mọ́mì ti kú, ẹ̀yin nìkan lẹ kù, sà?

Gílóòbù bẹ́ lálẹ́ yẹn. Mo lọ yá ìkòkò èédú Àlàájà. Kí ooru lè wọlé dáadáa, mo yọ búlọ́ọ̀kù kan nídìí ọgbà, mo gbé èédú tó ń jó síwájú ihò náà. Mo fi ìró tí mo ti lọ̀ bo òkè. Ooru ń jáde bíi ti ilé búrẹ́dì. Mo lọ sùn, inú mi dùn sí ọgbọ́n mi.

Ilẹ̀ mọ́, ọgbà ṣófo. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ iná jáde.

Mo wo abẹ́ gbogbo mọ́tò nínú klóòsì. Mo bá olùṣọ́ géètì jà, mo ní òun ló gbé e. Ó ní kí n wá wo ìkòkò òun. Mo ṣí i. Ẹ̀wà ni. Mi ò bẹ̀ ẹ́, mo kàn dé ìkòkò padà.

Ọ̀sán gangan ni Dádì pè. Agogo méje ni wọ́n máa ń pè. Wọ́n ní ojú ti là, dókítà ti ní kí àwọn máa lọ sílé kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Lọ́la. Wọ́n ní inú ìjàpá á dùn.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tí mo yọ. Mo sunkún díẹ̀, mo bú òyìnbó inú fídíò, mo tún sunkún. Ìgbà tó di àsìkò kí Àlàájà ṣe àlùwàlá ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ ohùn wọn lórí ògiri, jẹ́jẹ́.

"Ọmọ onínú fùfù, wá wo ọmọ wa."

Táǹkì omi Àlàájà wà lẹ́yìn ilé wọn, ẹ̀rọ omi ìdí ẹ̀ kì í yé kán. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ, ewé kókò hù yíká ẹ̀. Gọ́tà tó gba abẹ́ ògiri wa kọjá ìdí ẹ̀. Ìjàpá wà nínú ẹrẹ̀ náà, ó rì dé ìdajì. Ọrùn ẹ̀ wà níta gbalaja. Ojú ẹ̀ là. Ó ń jẹ ewé kókò, ewé náà ń dún lẹ́nu ẹ̀.

A dúró, a ń wò ó. Àlàájà ò tíì ṣe àlùwàlá.

"Ibí yìí náà ni ìyàwó Dádì máa ń wá," wọ́n ní. "Tí ọyẹ́ bá ti mú. Á gbé ìró yẹn wá nírọ̀lẹ́, á rì í bọ omi, á gbé e lọ bẹ́ẹ̀, tí omi ń ro tó-tó-tó. Mo rò pé ó ń fọ̀ ọ́ ni. Mo máa ń bi í pé ṣé ìró kan ṣoṣo lo ní láyé ni. Á kàn rẹ́rìn-ín."

Mo ní, "Àlàájà, ẹ̀yin lẹ fún mi ní àdín."

"Ta ló sọ fún mi pé ìjàpá ló ń da ìró bò?"

Òótọ́ ni. Ẹni tó rí omi ò rí ìjàpá, ẹni tó rí ìjàpá ò rí omi. Èmi ni mo fọwọ́ kan ìró náà, tí mo rí àmọ̀ etí ẹ̀, mo sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ètè mi ń bẹ́, mò ń fi fasilín pa á ní òròòwúrọ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ọyẹ́ tó ń gbẹ èmi lè máa gbẹ ẹlòmíì.

A ti gbé ìjàpá padà sínú ọgbà nígbà tí Dádì dé lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú awò dúdú lójú. Wọ́n lọ sẹ́yìn ilé tààrà, bí mo ṣe rò ó. Wọ́n wo ìjàpá fún ìgbà pípẹ́.

"Kí ló ń dán lára ẹ̀?"

Mo ti ṣètò irọ́ kan. Ó jáfáfá, irọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n mo ṣí ẹnu báyìí, gbogbo ẹ̀ ló jáde: áyọ́ọ̀nù, gílóòbù, àdín, fìlà, èédú, ìkòkò ẹ̀wà olùṣọ́ géètì. Mo sọ ti táǹkì Àlàájà àti ìró tí Mọ́mì máa ń rì bọ omi. Wọn ò dá mi dúró.

"Gbogbo ìgbà tó o ní ó jẹun ńkọ́?"

"Kò jẹun, sà."

"Mo mọ̀. O máa ń dáhùn kí n tó bèèrè tán." Wọ́n wá yíjú sí fèrèsé ilé. "Omi," wọ́n ní. "Gbogbo ọdún yẹn. Láti ojú fèrèsé, èèyàn ò rí omi."

Wọ́n wọlé. Mo rò pé mo máa kó ẹrù mi. Mo tiẹ̀ ti mú báàgì sílẹ̀, inú sì ti ń bí mi díẹ̀ sí Dádì, torí pé ìjàpá kúkú ò kú.

Agogo méje ìrọ̀lẹ́ lù, Dádì jáde. Ìró wà léjìká wọn. Wọ́n ní dókítà ní kí àwọn má bẹ̀rẹ̀, pé kí n wá bá àwọn rì í. A gba ẹ̀yìn ọ̀dọ̀ Àlàájà. Mo rì í bọ omi, mo fún un dáadáa, mo ká a.

"Wọn ò ní kó o fún un gbẹ," Dádì ní. "Tún un rì."

Mo tún un rì. Mo gbé e délé bẹ́ẹ̀, omi ń ro sí mi lẹ́sẹ̀. Mo ti dá búlọ́ọ̀kù padà sáyè ẹ̀. Mo tẹ́ ìró náà sórí ọgbà, ìjàpá yọ orí sábẹ́ ẹ̀, kò fà á wọlé.

Dádì ní kí n dúró síbẹ̀. Wọ́n bọ́ bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọlé. Nígbà tó yá mo rí wọn lójú fèrèsé, wọ́n ti yọ awò dúdú. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń wo Mọ́mì. Mo ká ìró náà kúrò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ látìbẹ̀rẹ̀.