Ìṣẹ́tí Ìka Mẹ́rin

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Ìgandò, mo rò pé orí maṣíìnì ni wọ́n máa gbé mi jókòó. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń bọ̀, mo ti rán bùbá fún ara mi rí, ojú mi sì ti là jù, kí n má parọ́. Ọ̀gá mi kò tilẹ̀ wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbé aṣọ ọmọdé kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n ṣẹ́ etí rẹ̀. Ìṣẹ́tí ni ibi tí télọ̀ ti máa ń ká ìsàlẹ̀ aṣọ sí inú, kó tó rán an mọ́lẹ̀. Mo ká a níwọ̀n ìka kan, mo rán an kíákíá, mo gbé e fún wọn. Wọ́n tú gbogbo rẹ̀. Mo tún un rán, wọ́n tún tú u. Ìgbà kẹta ni wọ́n wá tẹ́ ọwọ́ wọn lé etí aṣọ náà, ìka mẹ́rin gbáko.

"Ọmọ ló ni ín," ni wọ́n wí. "Ọmọ á ga."

Mi ò kà á sí ẹ̀kọ́ kankan. Mo kàn rò pé obìnrin náà fẹ́ràn wàhálà ni.

Ọdún mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ wọn kí n tó gba fírídọ̀mù. Mo rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìkòtún, yúnífọ́ọ̀mù àti aṣọ ọmọdé ni wọ́n fi mọ̀ mí níbẹ̀. Ìka mẹ́rin ni mo ń ṣẹ́. Bí kọ́sítọ́mà bá ń kùn pé mò ń fi aṣọ òun ṣòfò, màá ní kó lọ wá ọmọ tí kì í dàgbà wá, kí n rán tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹnu mi mú, mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Ràfíátù. Abẹ́ tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa ṣa àjákù aṣọ, tí yóò máa fi rán nǹkan fún bèbí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ibà mú un. A gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe. Ní ọjọ́ kẹta, ó kú.

A kì í gbé òkú Mùsùlùmí pamọ́ pẹ́. Kó tó di ìrun Àsárì, aṣọ funfun ti dé, àwọn ìyá tó máa wẹ̀ ẹ́ ti dé. Mo rí i pé etí aṣọ náà ń tú, mo bá fa abẹ́rẹ́ àti òwú yọ. Ọwọ́ télọ̀ ni, mi ò rò ó. Mo ti ká etí rẹ̀, ìka mẹ́rin, mo ti gún un bí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà tó di ọwọ́ mi mú. Ó rọra sọ fún mi pé a kì í rán aṣọ yẹn, a kì í ṣẹ́ etí rẹ̀. Ṣebí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìsìnkú mélòó ni mi ò tíì lọ? Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ló tó wọ̀ mí lára pé ọmọ mi kò ní ga mọ́. Àwọn ìyá náà ní kí n sọ pé Àlùhámúdùlílàhì. Ẹnu mi kò ṣí.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kọ́sítọ́mà kò mọ ohun tí wọ́n máa pè mí mọ́. Àwọn tó ń pè mí ní Ìyá Ràfíátù bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Àǹtí Télọ̀. Mò ń kírun, mò ń forí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí Ọlọ́run, kí n kúkú sọ ọ́. Gbogbo Jímọ̀ ni ọ̀gá mi máa ń wá láti Ìgandò lẹ́yìn ìrun. Wọ́n á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì mi, wọn kì í wàásù fún mi, wọ́n á kàn máa bá mi rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ mi ti yí padà. Ibi tí ìwọ̀n ọmọ bá parí sí lórí téèpù ni mo ń gé aṣọ rẹ̀ sí. Mi ò fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú mọ́.

Jímọ̀ kan báyìí, obìnrin kan láti Baruwa wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, Ìbùkún. Mo ti rán yúnífọ́ọ̀mù ọmọ náà, taámù méjì kò tíì pé, aṣọ ti gun orí orúnkún. Tíṣà ti dá a padà sílé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá rẹ̀ kò jà, ó kàn ní kí n bá òun tú ìṣẹ́tí rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá mi ló tẹ̀ síwájú tó yí etí aṣọ náà wo. Kò sí nǹkan kan tí èèyàn lè tú níbẹ̀.

Wọ́n yíjú sí mi. "Sìkírátù, ta ló sọ fún ẹ pé ọmọ yìí kò ní ga?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, mà. Ọwọ́ mi ni kò ká a."

Wọ́n jókòó padà. "Mo sin ọmọ méjì kí o tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi," ni wọ́n wí. "Nígbà tí àdúrà kò jáde lẹ́nu mi mọ́, etí aṣọ ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń ṣẹ́. Ìka mẹ́rin. Ọlọ́run mọ ohun tí mò ń sọ."

Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé lọ́dọ̀ obìnrin yìí, mo jẹ, mo mu, mi ò mọ̀. Mo ti pè wọ́n ní oníwàhálà lẹ́yìn wọn. Mo sunkún níwájú kọ́sítọ́mà lọ́jọ́ náà, ojú kò tì mí. Ìbùkún na omi inú ọ̀rá tó ń mu lọ́wọ́ sí mi, mo gbà á, mo mu ún tán.

Mo gé aṣọ tuntun fún un lójú ẹsẹ̀, owó ara mi ni. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, mo ká a, mo tún tú u sílẹ̀.

"Ẹ fara balẹ̀, Ìyá Ràfíátù," ni ìyá ọmọ náà wí. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu kọ́sítọ́mà.

Mo ká a, ìka mẹ́rin. Ó dùn mí bí ẹni pé ara mi ni mo ń gún. Gbogbo aṣọ ọmọdé tí mo rán lẹ́yìn rẹ̀ náà dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n mò ń ká a.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, Ìbùkún gbé yúnífọ́ọ̀mù náà padà wá. Ó ti ga dé èjìká mi, ọmọ náà ń ga ṣá. Mo tú ìṣẹ́tí náà sílẹ̀. Oòrùn ti pa àwọ̀ aṣọ yòókù, ṣùgbọ́n ibi tó wà nínú ṣì rí bí ọjọ́ tí mo gé e. Mo tẹ́ ọwọ́ mi lé e, ìka mẹ́rin. Mo wá sọ ọ́, Àlùhámúdùlílàhì, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ìbùkún bi mí pé kí ni mo wí. Mo ní kó dúró ṣánṣán, kí n rí bó ṣe ga tó.