Ọkọ̀ Méjì Tí Bàbá Mi So Pọ̀

Lọ́jọ́sí ní Àpòmù, mo kọjá níwájú ẹni tó ń ta okùn, òórùn okùn tútù sì gbà mí nímú, ni mo bá rántí bàbá mi.

Apẹja ni wọ́n létí odò Ọ̀ṣun. Ọkọ̀ ọpọ́n méjì ni wọ́n fi okùn so pọ̀, kó má baà máa mì tí wọ́n bá ń fa àwọ̀n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbé mi sínú ti ọ̀tún, wọ́n fún mi ní àjẹ̀, àwọn náà wọ ti òsì. Mo fi gbogbo agbára mi wà á, síbẹ̀ ọkọ̀ ń yí sọ́wọ́ ọ̀dọ̀ mi títí ó fi forí wọ koríko.

"Àbẹ̀kẹ́, má bá mi díje. Máa gbọ́ ìró àjẹ̀ mi."

Mo gbọ́ ọ, ọkọ̀ sì ń lọ tààrà. Mo rò pé agbára wa ti dọ́gba. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé wọ́n dẹwọ́ fún mi ni.

Ọjà Ìkirè ti tú kí a tó gúnlẹ̀. Ìyá mi dúró létí odò pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo tí wọ́n fẹ́ fi kó ẹja wa lọ sọ́jà.

"Kí ló dá yín dúró?"

"Ọmọ rẹ ló wa ọkọ̀ gbé mi wálé."

Ìyá mi fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n rí àtẹ́lẹwọ́ mi tó ti bó, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ igi tí wọ́n máa fi yan ẹja náà.