Ẹ Má Gba Ọ̀pá Ìwọ̀ Lọ́wọ́ Bàbá

Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Dallas kì í ṣe oòrùn, kì í ṣe ẹ̀fọn. Ìwà ọmọlúàbí àwọn èèyàn wa ni.

Mo kàwé gboyè nípa ẹja ní yunifásítì ní Denton. Iṣẹ́ mi ni láti mú àwọn tí kò pẹja rí lọ sétí omi. Ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní trout, kò lè gbé inú omi gbígbóná. Ìgbà òtútù ni ìjọba máa ń kó wọn sínú adágún wa. Tí ooru bá fi máa dé, wọ́n á ti tán.

Láti ìgbà Kérésì ni mo ti ń sọ èyí fún ọ̀rẹ́ mi, Wálé, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Forney. Bàbá rẹ̀ wá kí i láti Ìbàdàn. Tíṣà jọ́gíráfì ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa adágún títí, wọn ò fa ẹja kan jáde rí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó wọ bàálù padà nìyẹn: kí wọ́n fọwọ́ ara wọn fa ẹja kan.

"No wahala, a máa wá," ni Wálé ń wí ṣáá. Ìgbà tí ooru ti ń yọjú ló tó gbé wọn wá, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ kejì ni Bàbá ń lọ. Ká tó débi omi, Bàbá ti kí gbogbo Òyìnbó tó wà níbẹ̀, Bàbá sì ń dúró kí kálukú wọn dáhùn.

Nígbà tó yá, ẹja gbé ìdẹ. Ọ̀pá tẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Kí n tó lanu, Wálé ti fò dìde.

"Bàbá, ẹ gbé e wá, ẹ jẹ́ n bá yín fà á."

Ó gba ọ̀pá. Okùn dẹ̀. Ẹja lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ṣẹ̀ yìí dáadáa. Ìwọ̀ trout kéré. Bí okùn ṣe le ló ń jẹ́ kó dúró lẹ́nu ẹja. Tí ọ̀pá bá ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, okùn á dẹ̀, ìwọ̀ á jábọ́. Àwọn oníbàárà mi tó jẹ́ Òyìnbó máa ń jẹ́ kí bàbá wọn bá ẹja rẹ̀ jìjàkadì. Àwa la ò lè wo àgbà níran kó máa fa nǹkan tó wúwo.

"Ṣé o ò rí i pé ọwọ́ wọn ń gbọ̀n ni?" Wálé bi mí.

"Ẹja ló ń gbọ̀n wọ́n!"

Bàbá wojú ọmọ wọn. "Wálé, tá a bá délé, ṣé wàá bá mi jẹun náà ni?"

Mo ní kí Wálé fi ọwọ́ méjèèjì mú àwọ̀n tá a fi ń gbé ẹja, pé tó bá fi sílẹ̀, màá tì í sómi. Oòrùn ti mú. Mo mọ̀ pé àwọn ẹja ti sá wọ ibi tó jìn, mo tú okùn sí i kí ìdẹ lè dé ìsàlẹ̀. A dúró, dúró.

Lójijì, ẹja mìíràn fa ìdẹ. Bàbá dìde, ẹsẹ̀ wọn yọ̀ díẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Wálé kígbe, àmọ́ kò fi àwọ̀n sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó sáré, sà! Tó bá rọ̀, ẹ ká okùn!" ni mo ń pariwo.

"Má pariwo mọ́ mi," ni Bàbá wí. "Èmi àti ẹja là ń sọ̀rọ̀."

Ọwọ́ tèmi náà ti ń lọ síbi ọ̀pá. Mo yáa tì í bọ àpò.

Wálé fi àwọ̀n gbé ẹja náà. Kò ju apá ọmọdé lọ. Bàbá ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ó fà mí o! Ó fà mí, mo fà á."

Nídìí mọ́tò, Wálé na ọwọ́ láti gba ẹja. Bàbá gbé e kúrò níbẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n gbé e lé itan. Omi ń kán sórí àga mọ́tò tuntun Wálé. Wálé wò ó. Ó ṣí fèrèsé, ó rọra wakọ̀ lọ.