Ọwọ́ tí Dóyin Nà sí Ìyá Gbémiga

Kó tó di pé àwọn ará Calgary ní Kánádà ń pe Dóyin ní MLA, ìyẹn aṣòfin ìpínlẹ̀ Alberta, basement ilé Ìyá Gbémiga ní àdúgbò Temple ló ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni nígbà náà, òun àti ọmọ méjì. Ọkọ rẹ̀ ṣì wà ní Èkó, ó ń dúró de visa. Tó bá lọ síbi iṣẹ́ alẹ́, Ìyá Gbémiga ló ń wẹ̀ fún àwọn ọmọ, òun ló sì ń mú wọn lọ sí daycare láàárọ̀. Ìyá náà kò fìgbà kan ka oore yìí sí i létí.

Nígbà tí ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wọn fẹ́ kógbá sílé, Dóyin dìde sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, ọ̀rọ̀ náà sì wọ àwọn èèyàn lára débi pé ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní kó wá du ipò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà rẹ́rìn-ín. Ìyá Gbémiga ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó wọ bàtà snow ọmọ rẹ̀, tó tóbi jù ú lọ, ó ń kan ilẹ̀kùn kiri Saddle Ridge àti Redstone. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ ìwọ̀nba tó ní tó o: “This is my daughter. She is a good nurse.” Dóyin wọlé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún un ní Edmonton, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà, Gbémiga gbé ìyá rẹ̀ lọ láti ìdájí. Ìyá dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó la ọwọ́ méjèèjì, ó ń retí kí Dóyin kúnlẹ̀ kóun gbé ọwọ́ lé e lórí, kóun sì wúre. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nìyẹn láàárọ̀, tí Dóyin bá ti ibi iṣẹ́ dé.

Àmọ́ kámẹ́rà àwọn oníròyìn ti wà lókè, olórí ẹgbẹ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dóyin. Ó rò ó lójú ẹsẹ̀ pé, obìnrin dúdú lórí ìkúnlẹ̀ nínú ilé yìí, ta ló máa mọ̀ pé ìkíni ni? Kó tó rò ó dópin, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti jáde.

“Thank you so much for coming,” ló sọ.

Ọmọ tá a kọ́ nílé na ọwọ́ sí àgbà. Ìyá Gbémiga wo ọwọ́ náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì rọra fi orúnkún kanlẹ̀, ìyá ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin.

“Ẹ kú oríire o, Honourable.”

Fọ́tò náà jáde lọ́jọ́ kejì. Àgbà ló wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú rẹ̀. Ojú ti Dóyin, kò lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́sẹ̀ yẹn ló sọ̀rọ̀ nílé ìgbìmọ̀ lórí ilé ìwòsàn àdúgbò wọn, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un, àmọ́ àtẹ́wọ́ náà ò dùn mọ́ ọn. Ó gbé fóònù láti pe Ìyá Gbémiga, ó tún gbé e sílẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní Sátidé, ó wakọ̀ lọ sí Temple.

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ló ti ń wọlé tẹ́lẹ̀, tí á lọ tààrà sídìí ìkòkò. Lọ́jọ́ yìí, Ìyá Gbémiga ṣílẹ̀kùn iwájú, ó fi í jókòó ní pálọ̀, ó gbé juice wá lórí tíréè, nínú ife tó ń tọ́jú de pásítọ̀. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀ rárá. Ìyẹn gan-an ló dun Dóyin jù.

Ó kúrò lórí àga, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀. “Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ojú àwọn òyìnbó ni mò ń wò. Ẹ bú mi, ẹ sáà sọ̀rọ̀ sí mi.”

“Kí ni n ó bínú sí? Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀. Ẹ dìde, stockings yín á ya.”

“Mummy, ọmọ yín ni mí.”

Ìyá ti ife juice náà sún mọ́ ọn.

“Ohun tí mò ń sọ fáwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà wọn nìyẹn,” ó fèsì.

Dóyin ò dìde. Ó tẹrí ba, ó ń retí ọwọ́ lórí rẹ̀. Ọwọ́ náà wá lóòótọ́, àmọ́ iwájú rẹ̀ ló dúró sí, ó nà gbọọrọ, bíi ti Dóyin ní Edmonton. Dóyin fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.